Orí Keje: Kóòṣì Tiwọn, Kóòṣì Tiwa

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2018, Liverpool na Manchester United ní 3–1 ní Anfield. United wá fi àmì 19 wà lẹ́yìn wọn lórí àtẹ líìgì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, United ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì wọn, José Mourinho. Lọ́jọ́ Àìkú kan náà ni Southampton gbá Arsenal ní 3–2, tí wọ́n fòpin sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 tí Arsenal ti gbá láìpàdánù lábẹ́ kóòṣì tuntun wọn, Unai Emery. Chelsea náà ní kóòṣì tuntun ní sáà yẹn: Maurizio Sarri, ará Ítálì, tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 12 àkọ́kọ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó nà án.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ariwo wọn kì í tán ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nìyẹn, láti Mushin dé Ìlọrin, títí kan Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí àwọn tí kò ní í rà ti ń ka àkòrí iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Ta ló gba kóòṣì tó mọṣẹ́ jù? Ta ló ra agbábọ́ọ̀lù tó yẹ, ta ló fowó ṣòfò? Àwọn kan máa ń fojú kéré irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ wà lára èyí tó le jù nínú gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: bí nǹkan bá yí padà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, báwo la ṣe mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yẹn ló yí i padà? Oníṣègùn tó ń dán oògùn tuntun wò, ìbéèrè yìí gan-an ló ń bá jà.

Ẹni tí United gbé wọlé gẹ́gẹ́ bí adelé ni Ole Gunnar Solskjær, ọmọ Norway tó gbá góòlù tó fún wọn ní ife Champions League wọlé ní Barcelona lọ́dún 1999. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jáwé olúborí. Ní oṣù Kẹta 2019, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Paris lẹ́yìn tí PSG ti nà wọ́n ní 2–0 nílé, wọ́n sì fi penáritì ìṣẹ́jú àfikún borí ní 3–1. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19, ó ti borí nínú 14. Àwọn olólùfẹ́ United ń kọrin orúkọ rẹ̀, àwọn ti Arsenal àti Chelsea ń bi ara wọn léèrè pé kí ló ṣe tiwa tí a kò rí irú ẹni báyìí. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta, United fún un ní ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta.

Láti ọjọ́ yẹn títí sáà fi parí, United gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gbá ọ̀mì méjì, wọ́n sì pàdánù mẹ́fà. Everton fi góòlù 4–0 gbá wọn. Èyí tó yẹ ká wò dáadáa jù ni ti Cardiff. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Solskjær darí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, Cardiff ló nà ní 5–1 nínú ilé wọn. Èyí tó kẹ́yìn sáà náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, Cardiff kan náà, tó ti já sí líìgì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá sí Old Trafford, wọ́n sì nà án ní 2–0. Kóòṣì kan náà, ọ̀tá kan náà, kò tó oṣù márùn-ún láàárín.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn kan ní ìwé àdéhùn yẹn ló jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ jù. Àwọn kan ní ó ti rẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n àlàyé kan wà tí kò nílò ìtàn kankan, òun ni ìpìlẹ̀ orí yìí.

Àbájáde ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kì í ṣe agbára ẹgbẹ́ nìkan. Agbára wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí wọ́n bá pàdé wà níbẹ̀, ẹni tó fara pa wà níbẹ̀, òpó tí bọ́ọ̀lù bà wà níbẹ̀, oríire sì wà níbẹ̀ púpọ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Bọ́ọ̀lù jẹ́ eré tí góòlù inú rẹ̀ kéré: nínú Premier League, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kì í sábà tó góòlù mẹ́ta tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Níbi tí góòlù bá ti kéré, ẹyọ kan tó ṣèèṣì wọlé lè yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ rántí ife Áfíríkà ọdún 1990 ní Algeria. Super Eagles lábẹ́ Clemens Westerhof pàdé Algeria lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Algeria sì nà wọ́n ní 5–1. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá, Algeria sì tún borí, ṣùgbọ́n ní 1–0 péré. Kò sí kóòṣì tó lè kọ́ ẹgbẹ́ kan ní nǹkan tó tó góòlù mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàtọ̀ góòlù mẹ́rin ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kò sọ òtítọ́ nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Bí oríire bá wà nínú àbájáde, ohun tó tẹ̀lé e ni pé àbájáde tó burú jù kì í pẹ́ tí èyí tó sàn díẹ̀ yóò fi tẹ̀lé e, èyí tó dára jù náà kì í pẹ́ tí yóò fi rẹlẹ̀. Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde lọ́dún 1886 lẹ́yìn tó wọn gíga àwọn òbí àti ti àwọn ọmọ wọn. Òbí tó ga gogoro máa ń bí ọmọ tó ga, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í sábà ga tó òbí. Òbí tó kúrú gan-an, ọmọ rẹ̀ sábà máa ń ga jù ú lọ díẹ̀. Ó ń padà sí àárín. Daniel Kahneman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002, rí ohun kan náà láàárín àwọn tó ń kọ́ ọmọ ológun Ísírẹ́lì ní ìwakọ̀ òfuurufú. Àwọn olùkọ́ náà ní bí àwọn bá yin ọmọ tó wà á dáadáa, ìgbà tó tẹ̀lé e ni yóò bà á jẹ́. Bí àwọn bá sì pariwo mọ́ èyí tó bà á jẹ́, yóò tún un ṣe. Wọ́n gbà pé ariwo ló ń kọ́ ọmọ. Kahneman fi hàn wọ́n pé bí wọ́n bá tiẹ̀ pa ẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí.

Ẹ wá wo ìgbà tí ẹgbẹ́ máa ń lé kóòṣì. Kì í ṣe ọjọ́ tí nǹkan ń lọ déédéé. Ìgbà tí àbájáde bá burú dé ìsàlẹ̀ ni, nígbà tí agbára tó ti dín kù àti oríburúkú bá pàdé pọ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ jù ló kù, òun ni òkè. Ẹni yòówù kó gorí àga lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ni yóò gba ògo. Ti Solskjær tún dùn sí i, nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ pàdé kì í ṣe òmìrán: nínú márùn-ún àkọ́kọ́, Cardiff àti Huddersfield já sí líìgì ìsàlẹ̀ ní sáà yẹn gan-an, líìgì ìsàlẹ̀ ni Reading sì wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni United wá fún un ní ìwé àdéhùn nígbà tí àbájáde wà lókè téńté. Láti òkè téńté pẹ̀lú, ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ jù ló wà.

Newcastle ti ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣe ipò karùn-ún ní sáà 2011–12 lábẹ́ Alan Pardew, wọ́n sì fún un ní ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ ní oṣù Kẹsàn-án 2012. Sáà tó tẹ̀lé e, ipò 16 ni wọ́n ṣe.

Báwo la ṣe wá lè mọ̀ bóyá lílé kóòṣì wúlò? Bas ter Weel, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Netherlands, ṣe ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa máa rántí nígbà tí a bá ń jiyàn. Ó kó àbájáde líìgì àgbà ilẹ̀ wọn láti 1986 dé 2004 jọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wo àwọn ẹgbẹ́ tó lé kóòṣì: àbájáde wọn ń lọ sílẹ̀, wọ́n lé e, àbájáde gòkè. Bí ó bá dúró níbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ìbá dùn mọ́ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ó tún wá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí tiwọn lọ sílẹ̀ bákan náà, tí wọ́n bọ́ sínú ihò kan náà, àmọ́ tí wọ́n fi kóòṣì wọn sílẹ̀. Àwọn náà gòkè. Bí wọ́n ṣe yára gòkè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó lé tiwọn. Ọdún 2011 ni ó tẹ ìwádìí náà jáde, àwọn mìíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti rí ohun tó jọ ọ́.

Bí a ṣe ń dán oògùn wò nìyẹn. Bí 100 ènìyàn tí ara ń ro bá lo oògùn kan tí 80 sì yá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a kò tíì mọ nǹkan kan. Àfi kí a wo 100 mìíràn tí ara ń ro bákan náà tí wọn kò lò ó. Bí 80 nínú wọn náà bá yá, oògùn kò ṣe nǹkan kan. Àṣìṣe tó gbòde láàárín àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni pé ẹgbẹ́ tí kò yẹ ká fi wé ni a fi ń wé. A ń fi United wé Arsenal, a ń fi Arsenal wé Chelsea, nítorí pé àwọn ni ọ̀tá wa. Ẹgbẹ́ tó yẹ ká fi United wé ní oṣù Kejìlá 2018 ni ẹgbẹ́ tó bọ́ sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ tí kò lé ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kì í sì í jáde lójú ìwé àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìròyìn pé ẹgbẹ́ kan fi kóòṣì rẹ̀ sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Ní òpin sáà 2018–19 yẹn, Chelsea ní àmì 72, Arsenal ní 70, United ní 66. Àmì mẹ́fà péré ló wà láàárín ẹni tó ṣe dáadáa jù àti ẹni tó ṣe burúkú jù nínú àwọn mẹ́ta, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Sarri àti Emery pàdé ní Baku ní oṣù Karùn-ún, Chelsea gba ife Europa League pẹ̀lú 4–1. Ní oṣù Kẹfà, Sarri ti kọrí sí Juventus. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Arsenal lé Emery. Ẹni tó dájọ́ ní oṣù Kọkànlá 2018 pé United nìkan ló gba kóòṣì tí kò dáa, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dájọ́ ní oṣù Kẹta pé United ló ríre jù, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun náà. Ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò tó nǹkan.

Ohun mìíràn tún wà tó ń da ojú wa rú, ìyẹn ìfẹ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1951, yunifásítì Princeton àti Dartmouth gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Eré náà le débi pé imú gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Princeton kán, ẹsẹ̀ ọmọ Dartmouth kan náà sì kán. Albert Hastorf àti Hadley Cantril, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, gbé fíìmù eré náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n ka ìwà àìtọ́ tí wọ́n bá rí. Àwọn ti Princeton rí i pé Dartmouth hùwà àìtọ́ ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ. Àwọn ti Dartmouth ka iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Fíìmù kan náà ni wọ́n wò. Wọn kò purọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Mina Cikara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà sí i. Lọ́dún 2011, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn olólùfẹ́ baseball, ti Yankees àti ti Red Sox, tí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò nínú ẹ̀rọ bí wọ́n ti ń wo eré. Nígbà tí ọ̀tá wọn bá kùnà, apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń ta kìjí nígbà tí ènìyàn bá gba èrè máa ń ta kìjí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn tí kò kàn wọ́n bá na ọ̀tá wọn. Ìkùnà ọ̀tá, èrè ni lójú ọpọlọ. Ẹ wá ro ohun tí ìyẹn ń ṣe nígbà tí olólùfẹ́ Arsenal bá ń dájọ́ agbábọ́ọ̀lù tí Tottenham ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kí ọmọ náà tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ọpọlọ ti ń retí èrè rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá já sí ibi tó já sí, gbogbo wa á di wòlíì. Lọ́dún 2013, Alex Ferguson fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ife líìgì 13, ó sì tọ́ka sí David Moyes tó ti lo ọdún 11 ní Everton. Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà ni United fún Moyes. Kò lo ju oṣù mẹ́wàá lọ. Lónìí, ó ṣòro láti rí ẹni tó máa gbà pé òun fọwọ́ sí i nígbà náà. Baruch Fischhoff ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1975: bí a bá ti mọ òpin ìtàn, ọkàn wa á sọ fún wa pé a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Jonathan Baron àti John Hershey fi apá kejì rẹ̀ hàn lọ́dún 1988. Wọ́n sọ ìtàn oníṣègùn kan fún àwọn ènìyàn, ẹni tó pinnu láti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọkùnrin ẹni ọdún 55. Ewu kan náà, àǹfààní kan náà, ìpinnu kan náà. Fún àwọn kan, wọ́n ní aláìsàn náà yá. Fún àwọn kan, wọ́n ní ó kú. Àwọn tó gbọ́ pé ó kú ní oníṣègùn náà kò ro ìpinnu rẹ̀ dáadáa. Moyes kan náà gba ife Europa Conference League fún West Ham ní oṣù Kẹfà 2023. Bí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo lórí ìpinnu United, ohun tí wọ́n mọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2013 ni ká gbé wò, kí a gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ṣé kóòṣì kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Rárá o. Kóòṣì ṣe pàtàkì, ọjà tí ẹgbẹ́ ń rà ṣe pàtàkì, mo sì gbà pé ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yàtọ̀ gedegbe sí ẹgbẹ́ tó ń ta tẹ́tẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wò. Ìtàn Liverpool ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Ní sáà 2014–15, Dortmund lábẹ́ Jürgen Klopp fìdí jálẹ̀ ní Jámánì. Nígbà ìsinmi òtútù, wọ́n wà nítòsí ìsàlẹ̀ àtẹ. Ipò keje ni wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn, Klopp sì kúrò. Ẹni tó bá wo àtẹ nìkan yóò ní agbára ọkùnrin náà ti tán. Ṣùgbọ́n Ian Graham, onímọ̀ físíìsì tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge tó ń ṣe ìwádìí fún Liverpool nígbà náà, yẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Dortmund wò lọ́kọ̀ọ̀kan nípa iye àyè tí wọ́n rí àti iye tí wọ́n fún ọ̀tá. Ó rí i pé bí góòlù bá wọlé bí ó ti yẹ, Dortmund ni ìbá tẹ̀lé Bayern. Oríburúkú ló pọ̀ nínú sáà náà. Liverpool gba Klopp ní oṣù Kẹwàá 2015.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní xG, kò sì le. A ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá sí ojú ilé rí jọ, a ó wo ibi tí wọ́n ti gbá a, igun tó wà, bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí orí, a ó sì wo iye tó wọlé nínú irú rẹ̀. Penáritì máa ń wọlé bíi 78 nínú 100, nítorí náà iye rẹ̀ jẹ́ 0.78. Èyí tí wọ́n gbá láti òkèèrè lè jẹ́ 0.03. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó mọ iye góòlù tí àyè tí wọ́n rí yẹ kó mú wá, yálà bọ́ọ̀lù ba òpó tàbí kò bà á. Kì í ṣe òtítọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, ó máa ń sọ nípa ọ̀la ẹgbẹ́ ju àmì tó wà lórí àtẹ lọ. Ojú yìí kan náà ni wọ́n fi ra Mohamed Salah lọ́dún 2017, ẹni tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní England mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí Chelsea rà tí kò sì rí lò. Góòlù líìgì 32 ló gbá ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ipò kẹjọ ni Klopp kọ́kọ́ ṣe. Ó pàdánù àṣekágbá méjì ní sáà yẹn. Ife Champions League dé ní 2019, ti líìgì dé ní 2020.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, àríyànjiyàn wa máa ń ṣìnà ní ibi kan náà nígbà gbogbo: iye tí wọ́n ra ènìyàn ni a ń kà. Simon Kuper àti Stefan Szymanski fi hàn nínú ìwé wọn Soccernomics pé bí a bá kó ọ̀pọ̀ sáà líìgì England jọ, owó oṣù tí ẹgbẹ́ ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣàlàyé bíi ìdá 90 nínú 100 ìyàtọ̀ ipò tí wọ́n ń ṣe, nígbà tí owó ìrà kò ṣàlàyé ju díẹ̀ lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Owó ìrà ni ohun tí ẹni tó ń tà rò, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń dá a. Owó oṣù ni ohun tí gbogbo ọjà gbà pé ọmọ náà tó, wọ́n sì ń tún un dá léraléra. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá kóòṣì kan mọṣẹ́, kí ó wo ipò tí owó oṣù ẹgbẹ́ náà yẹ kó gbé e sí, kí ó wá wo ibi tó wà.

Ti Chelsea la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú sí ìwé ìṣirò owó. Ní oṣù Kíní 2023, wọ́n ra Enzo Fernández ní mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn, wọ́n sì fún un ní ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Gbogbo wa ní orí wọn ti dàrú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, owó ìrà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún ìwé àdéhùn ni wọ́n fi ń pín in. 106.8 tí a pín sí 8.5 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.6 lọ́dún. Ká ní ọdún márùn-ún ni, ì bá ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí àyè ra ènìyàn púpọ̀ láìtíì rú òfin ìnáwó. UEFA dí ihò náà láàárín ọdún 2023, wọ́n ní pípín náà kò gbọdọ̀ kọjá ọdún márùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ Premier League sì dìbò fún òfin kan náà ní oṣù Kejìlá. Ìwé kan náà ló ń mú kí ẹgbẹ́ ta ọmọ tí wọ́n fúnra wọn tọ́. Mason Mount ti wà ní Chelsea láti kékeré, owó ìrà rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ òfo, nítorí náà gbogbo mílíọ̀nù 55 tí United san lórí rẹ̀ lọ́dún 2023 wọlé gẹ́gẹ́ bí èrè. Inú olólùfẹ́ Chelsea bàjẹ́, ó sì yẹ kó bàjẹ́. Òfin ló jẹ́ kí títa ọmọ ilé dùn ju títa àlejò lọ, mo sì gbà pé òfin náà ń ba eré yìí jẹ́.

Ọmọ Ìlọrin kan wà nínú irú ìṣirò yìí. Liverpool ra Taiwo Awoniyi lọ́dún 2015 ní owó tí kò tó mílíọ̀nù pọ́n-ùn kan. Kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní England fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń yá a fún àwọn ẹgbẹ́ ní Jámánì, Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù. Kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool. Ọ̀pọ̀ nínú wa kà á sí ọjà tó bàjẹ́. Lọ́dún 2021, Union Berlin rà á ní bíi mílíọ̀nù 6.5, ọdún tó tẹ̀lé e ni Nottingham Forest rà á. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2023, góòlù rẹ̀ ni Forest fi na Arsenal ní 1–0. Góòlù náà mú Forest dúró nínú Premier League, ó sì fi ife líìgì lé Manchester City lọ́wọ́.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbì kan. Ìtàn Klopp lè jẹ́ kí a rò pé sùúrù ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń fi Ferguson ṣe ẹ̀rí: ó dé ní 1986, kò gba ife kankan títí di 1990, kò gba líìgì títí di 1993. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́rin tí wọn kò rí nǹkan kan ṣe, ta ló ń rántí orúkọ wọn? Ẹni tó yè nìkan ló ń sọ ìtàn. Sùúrù láìsí ohun tí a ń wò kò yàtọ̀ sí ìkánjú láìsí ohun tí a ń wò.

Brentford ní ohun tí wọ́n ń wò. Matthew Benham tó ni ẹgbẹ́ náà kọ́ físíìsì ní Oxford, ó sì fi ìṣirò tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kó owó jọ. Àtẹ mìíràn ni wọ́n ń wò nílé wọn, èyí tí wọ́n fi àyè tí ẹgbẹ́ rí ṣírò. Ní oṣù Kẹwàá 2018, ní sáà kan náà tí a fi bẹ̀rẹ̀ orí yìí, wọ́n fi Thomas Frank ṣe kóòṣì. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀, ó pàdánù mẹ́jọ. Àtẹ inú ilé wọn ní eré náà kò burú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ta Ollie Watkins fún Aston Villa lọ́dún 2020, wọ́n fi Ivan Toney láti Peterborough rọ́pò rẹ̀ ní owó tí kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n gbà, Toney sì gbá góòlù líìgì 31 ní sáà náà. Wọ́n gòkè sí Premier League ní oṣù Karùn-ún 2021.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, Arsenal ló wá bá wọn nílé. Frank Onyeka, ọmọ Nàìjíríà, wà láàárín pápá fún Brentford. Wọ́n na Arsenal ní 2–0. Arsenal tún pàdánù méjì tó tẹ̀lé e láì gbá góòlù kan wọlé, wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá, ariwo pé kí Mikel Arteta máa lọ gba gbogbo ìlú. Ó ti ṣe ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ kò lé e. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n rà nígbà ọjà sáà tuntun náà, kò sí èyí tó ju ọdún 23 lọ, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn sì ń bi wọ́n léèrè pé ṣé iléèwé ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe ní sáà náà, lẹ́yìn rẹ̀ ipò kejì fún sáà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Nínú àwọn mẹ́fà yẹn, Martin Ødegaard àti Ben White di òpó. Nuno Tavares àti Albert Sambi Lokonga kò rí ibi dúró sí. Takehiro Tomiyasu ṣe dáadáa nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Aaron Ramsdale ṣọ́lé fún sáà méjì kó tó pàdánù ipò rẹ̀ fún David Raya, ẹni tí Arsenal gbà láti Brentford lọ́dún 2023. Raya náà ló wà nínú ilé Brentford lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ yẹn, tí kò jẹ́ kí Arsenal rí góòlù kankan gbá wọlé.